Ẹ Pa Iná, Ẹ Yé 'Off' Ẹ̀ Mọ́

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn fún ìgbà pípẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, pé owó oúnjẹ àti owó epo ń gun òkè àjà, èmi wá jókòó ti gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Gbólóhùn náà ni 'turn off'. Ká má purọ́, ìdajì rẹ̀ ni mo fẹ́ bá jà, nítorí ìdajì náà ni àwa gbé wọlé. A fi 'turn' sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín, a mú 'off' nìkan, a sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-ìṣe, a sì fi lé ọ̀rọ̀ Yorùbá tó dá múṣémúṣé kúrò lórí ìjókòó rẹ̀.

Ẹ tẹ́tí sílẹ̀ nínú ilé yín lálẹ́ òní. 'Bá mi off iná yẹn.' 'Ṣé o ti on jẹnẹrétọ̀?' 'Fóònù mi ti off láti àárọ̀.' Mo gbọ́ ọ lẹ́nu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan lórí rédíò, lórí ètò tí wọ́n ń fi Yorùbá ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń bẹ àwọn olùgbọ́ rẹ̀ kí wọ́n má ṣe 'off' rédíò wọn. Mo gbọ́ ọ nínú ìsìn Yorùbá. Ẹni tí ó ka ẹ̀kọ́ kà á já gaara láìgbé àmì ohùn kan ṣubú. Bí ó ti pa Bíbélì dé báyìí, ó ní, 'Ẹ jọ̀wọ́, kí gbogbo wa off fóònù wa.' Kò sí ẹni tí ó wojú ẹnì kejì rẹ̀ nínú ìjọ. Ọ̀rọ̀ náà ti di tilé.

Ì bá má dùn mí tó bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe ẹ̀sùn tí wọ́n tún fi kún un. Bí ọmọ bá kọ 'Please off the light' sínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ a fi bírò pupa fa ilà sí i. Èyí dára, nítorí àṣìkọ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí yóò wá sọ fún àwọn òbí ọmọ náà ni pé èdè abínibí ló ń dí ọmọ yín lọ́wọ́, ẹ yé sọ Yorùbá sí i nílé. Mo ti gbọ́ gbólóhùn yìí lẹ́nu olùkọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mo sì fẹ́ sọ ọ́ níhìn-ín láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú pé irọ́ ni. Yorùbá kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀ nínú 'off the light'. Ẹni tí wọ́n jà lólè gan-an ni wọ́n fi ẹ̀sùn olè kàn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí àwọn tó ni 'turn off' ṣe ń lò ó. 'Turn' ni kí a yí nǹkan. 'Off' jẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré kan tí ń tọ́ka sí kíkúrò, sí yíyà sọ́tọ̀, sí kí nǹkan já kúrò lára ohun tí ó so mọ́. Kí iná mànàmáná tó dé ìlú Òyìnbó, gáàsì ni ọ̀pọ̀ ilé àti òpópónà ń lò fún ìmọ́lẹ̀. Ọ̀pá ni gáàsì ń gbà kọjá, kọ́kọ́rọ́ kékeré kan a sì máa wà lára ọ̀pá náà. Bí wọ́n bá yí i síhìn-ín, gáàsì a máa bọ̀. Bí wọ́n bá yí i sọ́hùn-ún, ó dá. Bákan náà ni ẹ̀rọ omi. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ 'yí' fi bá iná pípa tan lédè wọn. Súwíìṣì tí à ń tẹ̀ lónìí kò ní ohun tí à ń yí, síbẹ̀ wọn kò ju ọ̀rọ̀ náà nù. Wọ́n gbé e láti ara ọ̀pá gáàsì sára ògiri, láti ara ògiri sínú fóònù.

Gbólóhùn yìí kan náà tún ní iṣẹ́ mìíràn. Awakọ̀ tí ó yà kúrò lójú títì sí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́, 'turn off' ni. Bí ìwà ẹnì kan bá kó èèyàn nírìíra, 'turn off' náà ni. Bí a bá sì mú 'off' kúrò, tí a fi ìrù mìíràn sí i, ọ̀rọ̀ a tún yí padà: 'turn up' lè jẹ́ kí ẹni tí a kò retí yọjú, ó sì lè jẹ́ kí a gbé ohùn rédíò sókè, 'turn down' ni kí a kọ ohun tí wọ́n fi lọ̀ wá, tàbí kí a dín ohùn kù, 'turn out' ni ohun tí ọ̀rọ̀ já sí, 'turn in' ni kí èèyàn lọ sùn. Orí kan náà ni, ìrù ló ń darí. Ẹni tí ó bá sọ pé òun mọ 'turn', òun sì mọ 'off', nítorí náà òun mọ 'turn off', ẹni náà kò tíì mọ nǹkan kan.

'Put off' tilẹ̀ burú jù fún ọmọ Yorùbá. Bí Òyìnbó bá ní wọ́n 'put off' ìpàdé, ohun tí ó ń sọ ni ohun tí àwa ń pè ní 'wọ́n sún ìpàdé síwájú'. Ẹ wá sọ fún ọmọ kó túmọ̀ 'sún síwájú' lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Yóò kọ 'bring forward', èyí tí í ṣe òdìkejì gan-an, nítorí pé bí Òyìnbó bá 'bring forward' ìpàdé ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́bọ̀ tàbí ọjọ́rú ni yóò ṣe é. Níbẹ̀ yẹn, mo gbà pé Yorùbá lè ṣi ọmọ lọ́nà. Èmi kì í ṣe ẹni tí ń sọ pé èdè abínibí kò lè dí ẹ̀kọ́ èdè kejì lọ́wọ́ rárá. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a mú ọ̀daràn gan-an, kí a má mú ẹni tí a bá lójú ọ̀nà.

Kí ló wá dé tí mo fi ní Yorùbá kò jẹ̀bi 'off the light'? Ẹ̀rí mi àkọ́kọ́ kò jìnnà. Ọmọ Íbò ń sọ ọ́, Haúsá ń sọ ọ́. Ẹ bọ́ sí Singapore àti Malaysia, ní òpin ayé lọ́hùn-ún, ẹ ó gbọ́ 'on the fan' àti 'off the light' lẹ́nu àwọn tí kò gbọ́ 'ẹ káàárọ̀' rí láyé wọn. Yorùbá wo ló lọ dí àwọn yẹn lọ́wọ́?

Ẹ̀rí kejì wà nínú gírámà wa fúnra rẹ̀, òun ló sì dùn mọ́ mi jù. Òfin kan wà lórí 'turn off' tí wọ́n máa ń fi da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú: o lè sọ pé 'turn off the light', o sì lè ki iná bọ àárín, kí o ní 'turn the light off'. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ, àárín ló gbọ́dọ̀ wà: 'turn it off'. Àwọn ọmọ wa a máa há a sórí bí ẹni há ìṣirò. Bẹ́ẹ̀ ni irú rẹ̀ kún ẹnu wọn láti ọmọ ọdún mẹ́ta! Àwọn onímọ̀ èdè wa ń pè é ní ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là. 'Ó ba ọkọ̀ mi jẹ́.' 'Ọlọ́pàá tú èrò ká.' 'Mo gba Ọlọ́run gbọ́.' 'Ọ̀rọ̀ náà là mí lóye.' Ọ̀rọ̀-ìṣe náà là sí méjì, ohun tí ó ń bá lò jókòó sí àárín bí ìgbà tí èèyàn méjì gbé ọmọ dání. Kì í ṣe pé tiwa àti tiwọn rí bákan náà délẹ̀ o. 'Off' àti 'up' tiwọn a máa ṣe iṣẹ́ ọ̀nà àti àyè níbòmíràn, nígbà tí ìdajì ẹ̀yìn tiwa sábà máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tàbí ọmọ ọ̀rọ̀-ìṣe. Ṣùgbọ́n ìjókòó wọn bára mu.

Ẹ wá dá mi lóhùn: ǹjẹ́ ọmọ Yorùbá kan wà tí yóò fẹ́ sọ pé wọ́n ba ọkọ̀ òun jẹ́, tí yóò wá sọ pé 'wọ́n jẹ́ ọkọ̀ mi'? Ǹjẹ́ ẹnì kan wà tí yóò ní 'ọlọ́pàá ká èrò', tí yóò gbé 'tú' jù síbi kan? Kò sí. Etí ọmọ tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa mọ̀ pé a kì í gé orí ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là dànù kí á wá fi ìrù rẹ̀ rìn. Ẹni tí ó gé 'turn' dànù tí ó ń fi 'off' rìn ti ṣe ohun tí gírámà Yorùbá kọ̀, tí gírámà Gẹ̀ẹ́sì náà sì kọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò nílé níbì kankan.

Níbo ló ti wá nígbà náà? Èrò tèmi ni pé láti ara ẹ̀rọ ni. Ẹ wo súwíìṣì, ẹ wo jẹnẹrétọ̀, ẹ wo rédíò àtijọ́: 'ON' àti 'OFF' ni wọ́n kọ síbẹ̀. Àyè kò sí láti kọ gbólóhùn gígùn, kò sì sí ìdí fún un, nítorí pé àwọn tó kọ ọ́ kò fi pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Ipò tí ẹ̀rọ náà wà ni wọ́n fi ń hàn: ó ń ṣiṣẹ́, tàbí kò ṣiṣẹ́. Àwa wá ka àmì ara ẹ̀rọ bí ẹni pé ọ̀rọ̀-ìṣe ni. Ó dà bí ìgbà tí àlejò dé ìlú, tí ó rí 'A TI TÀ Á' lára ilẹ̀ kan, tí ó wá ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé òun fẹ́ lọ 'atitàá' ilé.

Ẹ wá jẹ́ kí a yẹ 'pa' wò, nítorí òun gan-an ni 'off' fẹ́ gba ipò rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó lẹ́bí bíi tirẹ̀ kò pọ̀ ní èdè wa. A ń pa ìlẹ̀kùn dé. A ń pa owó mọ́. A ń pa ohun tí a kọ sí pátákó rẹ́. A ń paṣọ dà. A ń pa ohùn pọ̀ kọrin. Ọkọ burúkú a pa ìyàwó tì, ogun a pa ìlú run. Láìfi ìdajì kejì sí i rárá, a ń pa àlọ́, a ń pa òwe, a ń pa àṣẹ, ọdẹ ń pa itú nínú igbó. Bí ẹ bá yọ ti ogun àti ti ọdẹ kúrò, ẹ̀jẹ̀ kò kán sílẹ̀ nínú gbogbo wọn. Ohun tí 'turn' jẹ́ fún Òyìnbó ni 'pa' jẹ́ fún wa: orí kan tí ó ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìrù. Inú agbo ilé yìí ni 'pa iná' ti wá. Bí ọmọ kò bá gbọ́ 'pa iná' lójoojúmọ́ mọ́, ibo ni yóò ti mọ̀ pé 'pa' kì í ṣe ọ̀rọ̀ ikú nìkan?

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo sùn sí ilé ẹbí wa kan ní Ìbàdàn. Mo sọ fún ọmọ inú ilé náà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, pé kí ó bá mi pa iná yàrá. Ó dúró, ó wo ògiri, ó wo àjà, ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni kí n fi pa á?' Aáyán ló ń wá. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín láti ilé ìdáná, ó ní, 'Off ẹ̀ ni wọ́n ní kí o off ẹ̀.' Ọmọ náà tẹ súwíìṣì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìyá yẹn ni mo ń bá wí, n kò bá ọmọ wí. Ilé Yorùbá ni wọ́n ti ń tọ́ ọ, Yorùbá ni ìyá rẹ̀ fi túmọ̀ fún un, ọ̀rọ̀ tí ó sì fi túmọ̀ ni 'off'.

Àwọn kan tún ní 'pa iná' le létí jù, pé ó dà bí ọ̀rọ̀ apànìyàn, pé 'off' tutù lẹ́nu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi Òyìnbó léèrè. Òun náà a máa sọ pé 'kill the lights', a máa sọ pé 'kill the engine', kò sì sí ẹni tí ó pe ọlọ́pàá. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé 'off' tí wọ́n sá lọ bá yìí, bí ó bá dá dúró gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe lẹ́nu àwọn ará Amẹ́ríkà kan, ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí a gba ẹ̀mí ènìyàn! Òjò ni wọ́n ń sá fún tí wọ́n fi bọ́ sódò.

Bí àwọn baba wa ṣe to ọ̀rọ̀ iná gan-an yẹ kí ó yà wá lẹ́nu. Iná tí ó tán fúnra rẹ̀, ó kú ni. Yorùbá ní, iná kú, ó fi eérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Iná tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ dá dúró, ó pa á ni. Ayé wá di ayé iná mànàmáná, a tún fi kún un: iná tí àwọn oníná gbà lọ́wọ́ wa, wọ́n mú un lọ ni. Gílóòbù tí ó bàjẹ́, ó jó ni. Ọ̀nà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, tí ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò ti mọ ohun tí ó kàn láti ṣe: bóyá kí ó lọ ra gílóòbù, bóyá kí ó lọ yọ epo sí jẹnẹrétọ̀, bóyá kí ó kàn na ọwọ́ sí súwíìṣì. Lónìí, ọmọ á wọlé, á ní, 'Iná ti off.' Èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Ó di kí á bẹ̀rẹ̀ sí bi í léèrè bí agbẹjọ́rò.

Ẹ wo iye ọ̀rọ̀ tí ó tún yí iná ká. Ẹni tí ó fẹ́ se oúnjẹ a dáná. Ìṣáná ni a fi ń ṣá a. A ń fẹ́ iná kí ó lè ràn, a ń koná mọ́ ọn kí ó lè le. Iná àsè ni a ń dá, iná ìmọ́lẹ̀ ni a ń tàn. Àwọn tí ń pa iná tí ó ń jó ilé, a ń pè wọ́n ní panápaná. Bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín ẹbí, àwọn àgbà a lọ paná ìjà náà. Títí di òní, n kò tíì gbọ́ ẹni tí ó pe àwọn panápaná ní 'offiná-offiná', n kò sì tíì rí baálé tí wọ́n rán lọ 'off' iná ìjà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó ṣì ku ibi tí kò tíì dé.

Mo ti ń gbọ́ ohùn àwọn tí yóò dá mi lóhùn. Wọ́n ní èdè tí kò bá yá ọ̀rọ̀ lò, òkú ni. Òótọ́ ni, mo fọwọ́ sí i. Àlùbọ́sà tí à ń fi se ọbẹ̀, ọ̀dọ̀ Haúsá ló ti wá. Àdúrà àti wàhálà wá láti èdè Lárúbáwá. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ jẹnẹrétọ̀, rédíò àti súwíìṣì láti òkè wá yìí, n kò sì ní dá ara mi láàmú láti máa pe jẹnẹrétọ̀ ní orúkọ kan tí ó gùn tó ìkéde ìsìnkú. Bí ẹnì kan bá ṣáájì fóònù, kò ṣẹ̀ mí, nítorí pé kí fóònù alágbèéká tó gbòde kan ní ọdún 2001, kò sí ohun tí ó dà bí ìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àwọn baba wa ṣe yá. Fìtílà, tí gbogbo wa gbà pé ọ̀rọ̀ Yorùbá ni, láti ọ̀dọ̀ Haúsá ló ti dé, Haúsá sì gbà á láti èdè Lárúbáwá, níbi tí ó ti jẹ́ orúkọ òwú inú àtùpà. A gba orúkọ ohun tuntun náà. A kò gba ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀. A ní kí wọ́n tan fìtílà, kí wọ́n pa fìtílà. Láńtà dé, a tàn án, a pa á. Àbẹ́là dé, a tàn án, a pa á. Iná mànàmáná dé Èkó ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí kò ní epo, tí kò ní òwú, tí a kò ṣáná sí, síbẹ̀ a tàn án, a sì pa á. Nígbà tí tẹlifíṣàn bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959, ohun tí kì í ṣe iná rárá, wọ́n tàn án, wọ́n pa á. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó wà láàyè ṣe ń ṣe nìyẹn: ẹ̀rọ tuntun á dé, yóò na ọwọ́ mú un. Bí 'turn' ṣe fi ọ̀pá gáàsì sílẹ̀ tí ó wọ inú fóònù, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni 'tàn' àti 'pa' ṣe fi fìtílà elépo sílẹ̀. Ta ló wá sọ fún wa pé ó ti rẹ̀ wọ́n?

Àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀-èdè Oxford mọ bí a ti ń yá nǹkan. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, wọ́n kéde ọ̀rọ̀ 29 tí àwa ará Nàìjíríà ń lò, tí wọ́n fi kún tiwọn. 'Danfo' wà níbẹ̀, 'tokunbo' wà níbẹ̀. Odindi ni wọ́n gbé Tòkunbọ̀. Wọn kò gé e kù sí 'bọ̀'. 'Flag off' pàápàá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn olóṣèlú wa fẹ́ràn jù lọ, tí wọ́n fi ń ṣí ohun gbogbo láti orí títì dé orí kànga. Ẹ kíyè sí i pé 'flag off' yẹn ní orí, ó sì ní ìrù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní eré nìyí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ wọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Àlàyé tí mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ṣe ni pé ibi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí jù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú WAEC, NECO àti JAMB. Ẹ̀sùn olùkọ́ oníbírò pupa ni ó di òfin ìjọba yẹn.

Ẹnu yà mí pé wọ́n ti gbàgbé Ifẹ̀. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún odindi ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀ lọ́dọ̀ olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n kọ́. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn nínú Gẹ̀ẹ́sì; wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ. Kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ọmọ tí ó mọ̀ pé 'bà' àti 'jẹ́' ń ṣiṣẹ́ pọ̀ kò ní nira fún láti mọ̀ pé 'turn' àti 'off' ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Kí olùkọ́ kọ 'ó bà á jẹ́' sí pátákó, kí ó kọ 'turn it off' sí abẹ́ rẹ̀, kí ó fa ilà sábẹ́ 'á' àti 'it' tí wọ́n jókòó sí àárín. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò lè ṣe é, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò kọ́ àwọn náà ní ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là, ilé-ẹ̀kọ́ wọn sì wà lára àwọn tí ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá.

Ọmọ tí ó ń sọ 'off' sí ìyá rẹ̀ nílé, tí ó kọ 'off' sínú ìdánwò, kò gba máàkì lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì ní ọ̀rọ̀ tí yóò sọ sí ìyá-ìyá rẹ̀ lábúlé. Olùkọ́ ní kí wọ́n dín Yorùbá rẹ̀ kù. Wọ́n dín in kù. 'Off' wá ń pọ̀ sí i, nítorí pé Yorùbá tó kù ní ilé náà, Yorùbá 'bá mi off ẹ̀' ni.

Mo mọ ìbéèrè tí yóò tẹ̀lé e: 'Up NEPA!' ńkọ́? Ṣé ìrù Gẹ̀ẹ́sì kọ́ nìyẹn náà? Ìrù ni, ṣùgbọ́n n kò bá a jà. Wọ́n dá NEPA sílẹ̀ ní ọdún 1972, orúkọ náà kú ní ọdún 2005 nígbà tí ó di PHCN, wọ́n sì ti tà á fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni láti ọdún 2013, síbẹ̀ gbogbo àdúgbò ṣì ń pariwo rẹ̀ bí iná bá dé. Igbe ayọ̀ ni, bí ìgbà tí bọ́ọ̀lù wọlé, kò sì gba iṣẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá kankan. Ẹ fetí sí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo rẹ̀ tán lójúde, tí ó sáré wọlé lọ bá màmá rẹ̀. Kì í sọ pé 'Mọ́mì, wọ́n ti up iná.' Ohun tí ó ń sọ ni pé, 'Mọ́mì, wọ́n ti mú iná wá!' Màmá rẹ̀ a sì dá a lóhùn pé, 'Ó dáa, lọ off jẹnẹrétọ̀.'